Òjò Àkọ́rọ̀ àti Omi Mímu Wa

Ẹ̀yin ìyá, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Ọ̀dẹ̀dá pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru. Omi òjò àkọ́rọ̀ ni wọ́n fún un mu. Ìyá náà bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé omi ọ̀run kò mọ́ ni?"

Mo ní ó mọ́, àwa ni a ń bà á jẹ́. Èéfín mọ́tò, ti jẹnẹrétọ̀, ti ilé iṣẹ́ ńláńlá, àti iná gáàsì tí ń jó níbi kànga epo ní Niger Delta, a máa gbé atẹ́gùn olóró, bí irú ti imí-ọjọ́, lọ sókè. Bí ó bá pàdé ìkúukùu, a di ásíìdì. Robert Angus Smith, ará Manchester, pè é ní òjò ásíìdì nínú ìwé rẹ̀ ní 1872. Òjò yìí pa ọ̀pọ̀ ẹja adágún ní Sweden àti Norway. A máa jẹ páànù, a sì máa fọ agbára ilẹ̀ oko lọ. Kì í jó ara ènìyàn, ṣùgbọ́n èéfín tí ó bí i a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kì í ṣe ásíìdì ni ó ṣe ọmọ náà, ẹ̀gbin àti ìgbẹ́ ẹyẹ orí páànù ni. Nítorí náà:

1. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ orí ilé ná, kí ẹ tó gbe omi.
2. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sè é, ẹ bò ó.
3. Ẹ má mu omi orí páànù tí ó ti dípẹtà: sísè ń pa kòkòrò, kì í mú ìpẹtà kúrò.
4. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀.