Àpótí ìmọ̀: Erékùṣù tí omi kò yí ká

Òkun nìkan kọ́ ló ń sọ ilẹ̀ di erékùṣù. Ọgbà Orílẹ̀-èdè Okomu, ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Benin, jẹ́ erékùṣù igbó láàárín oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà. Nígbà tí ìjọba kọ́kọ́ dáàbò bo igbó náà ní 1912, ó fẹ̀ ju ọgbà òní lọ dáadáa. Èyí tó di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1999 kò ju nǹkan bí 200 kìlómítà níbùú lóòró lọ.

Àlejò ń lọ wo ọ̀bọ ọlọ́fun funfun níbẹ̀. Ẹni tí òòyì kì í kọ́ lè gun àkàbà dé ilé kékeré tí wọ́n kàn sórí àràbà, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 140 sókè.

Owó àlejò wúlò fún ọgbà, àmọ́ ọ̀nà ni mo ń bẹ̀rù jù. Tí wọ́n bá la ọ̀nà mọ́tò gba inú igbó, oòrùn á ráyè wọlé, ilẹ̀ á gbẹ, ewé Akíntọ́lá á sì ti bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ọmọ igi ńlá tó gbérí. Ọ̀nà tí àlejò gbà lọ́sàn-án ni agégẹdú máa gbà lóru. Tí ariwo ẹ̀rọ amúnáwá ilé àlejò bá lé erin, oko olóko ló máa já sí, ìjà sì dé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, erin ló ń gbé èso òro mì, tó ń lọ su kóró rẹ̀ síbi tó jìnnà. Níbi tí erin bá ti pa rẹ́, abẹ́ ìyá rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú kóró náà máa ń jẹrà sí.