Ewu Inú Ọgbà Abẹ́ Omi

Ẹni tí ó bá fi ewéko àti ẹja sínú àpótí dígí kan náà ti gba àlejò méjì tí ìwà wọn kì í fi ìgbà gbogbo bára mu. Bí iná bá ń tàn, ewéko a máa gba afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì, a sì máa fi í ṣe oúnjẹ. A tún máa tú afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sílẹ̀ fún ẹja. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti kú, ewéko kò ní jẹun mọ́. Òun àti ẹja a wá jọ máa mí kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì sínú omi kan náà.

Èyí tí ẹja ń mí jáde kì í tó ewéko púpọ̀ jẹ. Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú ṣe ń fà á láti inú àgbá irin wá sínú omi, tí ó ń hó wínníwínní bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Afẹ́fẹ́ kan náà ni. Takashi Amano, ará ilẹ̀ Japan (1954–2015), wà lára àwọn tí ó sọ iṣẹ́ yìí di olókìkí. Ọgbà abẹ́ omi rẹ̀ lẹ́wà débi pé ẹni tí ń wò ó lè gbàgbé pé ẹja wà níbẹ̀, ibi tí ewu sì wà nìyẹn.

Ẹja ní láti tu afẹ́fẹ́ yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú omi. Bí omi bá ti kún fún un, kò rí ibi tu ú sí mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kan, kò sì ní lè gbé ọ́síjìn dáadáa, bí ọ́síjìn tilẹ̀ pọ̀ lódò rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ń lé ni nǹkan bí mílígíráàmù 30 nínú lítà omi kan. Wọn a gbé ìgò kékeré kan kọ́ sínú omi: bí oje inú rẹ̀ bá dúdú bí aró, afẹ́fẹ́ kò tó, bí ó bá ní àwọ̀ ewé, ó tó, bí ó bá pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oje náà lọ́ra. Ó lè tó wákàtí kan tàbí méjì kí ó tó yí àwọ̀, ẹja a sì ti wà nínú ìnira. Ojú ẹja ni kí a kọ́kọ́ wò.

Kí a ṣí àgbá náà ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú iná, kí a sì tì í kí iná tó kú. Bí ẹja bá wá sí òkè omi tí ó ń la ẹnu, kí a tì í lójú ẹsẹ̀, kí a máa ru ojú omi gidigidi kí afẹ́fẹ́ náà lè sá jáde, kí a sì fi omi mìíràn tí kò ní oògùn klorínì rọ́pò apá kan rẹ̀.