Àkànbí, Ìwé Oògùn Rẹ Gùn Jù

Àkànbí, fi báàgì sílẹ̀, bu omi fọwọ́. Àkàsà rẹ nìyẹn, ẹja díndín wà lábẹ́ àwo. Máa jẹun, kí o sì máa gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yóò ta ọ́ lára, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, ta ni yóò sọ ọ́ fún ọ? Èmi ni mo pọ̀n ọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Láàárọ̀ yìí ni ìyá ológì ẹ̀yìnkùlé wa gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó mú ìwé tí o kọ fún un lánàá lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjì. Ikọ́ ń ṣe é, imú rẹ̀ ń ṣomi, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Mo ka ìwé náà, mo tún un kà. Oògùn mẹ́fà! Amoxicillin, omi ikọ́, pàrásítámọ̀, abẹ́rẹ́ ibà, oògùn aràn, fítámì. Mo ní, "Ṣé Àkànbí gún un níka, kó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ ibà wò?" Ó ní rárá. "Ṣé ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, kó wo bó ṣe ń mí?" Ó ní rárá. Ó wá tú owó tó so mọ́ etí ìró, ó ní, "Màmá, owó yìí kò ká gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n rà níbẹ̀?" Ojú tì mí, Àkànbí. Nítorí tìrẹ ni ojú ṣe tì mí.

N kì í ṣe nọ́ọ̀sì bíi tìrẹ, o mọ̀. Àmọ́ mo pẹ́ nínú ìgbìmọ̀ ìlú tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba, mo sì mọ ibi tí oògùn orí pẹpẹ yín níbẹ̀ ti wá. Nígbà kan, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni oògùn ìjọba, ṣùgbọ́n pẹpẹ ṣófo. Ní Pahou, lọ́nà Ouidah, ní Benin wa yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ni wọ́n ti dán an wò pé kí ará ìlú máa ra oògùn tó ṣe kókó ní owó pọ́ọ́kú, kí wọ́n sì fi owó náà ra òmíràn. Lọ́dún 1987, ní Bamako, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Owó ológì, owó alápatà, owó àgbẹ̀ ọ̀pẹ ló kún pẹpẹ náà. Ìkòkò àjọjẹ ni. Ẹni tó bá bù jù níbẹ̀, oúnjẹ ẹlòmíràn ló bù.

Mo ti rí oṣù tí amoxicillin tán kí oṣù tó dé ìdajì. Ikọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ná an lé lórí. Nígbà tí wọ́n wá gbé ọmọ kan dé, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, a kò rí ẹyọ kan fún un. Mo sì mọ ìdẹwò tó wà níbẹ̀: owó oògùn ni a fi ń ra oògùn, nítorí náà ìwé gígùn máa ń dùn mọ́ ẹni tó ń ka owó. Má jẹ́ kí bíìkì rẹ di òǹtajà.

Ìwé ìlànà ìtọ́jú ọmọdé aláwọ̀ mẹ́ta tó wà nínú tábìlì rẹ ńkọ́, èyí tó ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìyeyè àti àwọ̀ ewé? Níbí gan-an, ní Ouémé àti Plateau, ni àwọn olùwádìí ti wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ń tọ́jú ọmọdé lọ́dún 1999, wọ́n sì tún wò ó láàárín 2001 sí 2004, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ àwọn kan ní ìlànà ìwé yẹn. Ẹ̀kọ́ náà ṣe wọ́n láǹfààní, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Àwọn tó rí alátìlẹ́yìn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tún ṣe dáadáa sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo mọ́ ọ. Èmi ni alátìlẹ́yìn rẹ.

Kí ni ìwé náà wí? Ọmọ tó ń wúkọ́, ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Láti oṣù 2 títí dé ọdún kan, bó bá tó 50, ó yá jù. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Bí kò bá yá, tí ìhà kò wọnú, tí kò sí àmì ewu mìíràn, ikọ́ òtútù ni, kò gba amoxicillin. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi iyọ̀ inú sáṣẹ́ẹ̀tì ni àti sínkì fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, gún un níka kí o tó pè é ní ibà. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí àyẹ̀wò ṣáájú oògùn ibà.

O kò mọ Nivaquine, oògùn ibà àtijọ́. Ìran tèmi jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Orí fọ́ni, Nivaquine. Ara wúwo, Nivaquine. Kòkòrò ibà mọ ojú rẹ̀ tán, oògùn náà kò ràn án mọ́. Lọ́dún 2004 Benin fi í sílẹ̀, ó bọ́ sórí oògùn àpapọ̀ tí à ń lò báyìí. Bí a bá tún fi èyí ṣòfò, orí kí ni a ó bọ́ sí?

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: "Tàńtí, bí n kò bá gún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n á ní n kò mọṣẹ́, wọ́n á lọ bá àwọn tó ń ta oògùn lábẹ́ agboòrùn." Òótọ́ ni. Ẹnubodè kò jìnnà sí Sakété wa níbí, oògùn ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà, bí àwọn agbófinró tilẹ̀ ya wọ ọjà oògùn Ajégúnlẹ̀ ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 2017. Àmọ́ ta ló kọ́ ìyá ológì pé abẹ́rẹ́ ni ìwòsàn? Àwọn tó jókòó sórí àga rẹ ṣáájú rẹ ni. Abẹ́rẹ́ ìdí tí a gún síbi tí kò yẹ lè ba iṣan ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́, kó máa tiro títí ayé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, ẹ̀yin náà ni ẹ ó tún wọn kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹ ó fi kọ́ wọn. Wo ojú ìyá ọmọ, sọ fún un pé: "Mo ka mímí rẹ̀, mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò gba abẹ́rẹ́. Ẹ máa fún un ní oúnjẹ àti omi dáadáa. Bó bá ń mí pàkàpàkà, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ẹ gbé e padà wá kíá." Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ báyìí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí o bá sì fún ẹnì kan ní oògùn ibà, jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lò ó fún ọ: àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo, kó má tọ́jú ìyókù pamọ́ bí ara bá fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì.

O ti jẹun tán. Ọmọ náà ń ṣeré, ó ń jẹun, mo sì ní kí ìyá rẹ̀ ra pàrásítámọ̀ nìkan títí o ó fi dé. Ó ń retí rẹ. Mú aago rẹ, mú ohun tí ẹ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, lọ gún ọmọ náà níka, kí o ka mímí rẹ̀. Èyí tí kò bá yẹ nínú oògùn mẹ́fà yẹn, fa igi lé e lórí níṣojú ìyá rẹ̀, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọmọ mi. Èyí tí o bá fà kúrò, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò bá a lórí pẹpẹ.