Ẹni Tó Ni Síìmù Ló Ni Orúkọ

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá dúró lábẹ́ afárá Dọ́pẹ̀mú ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí bí ògiri tiwa ṣe ń lanu. Ẹni tó wá ra síìmù lábẹ́ agboòrùn á na ìwé NIN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, jáde, ọmọ iṣẹ́ tó ń ta síìmù á fi fóònù ya ìwé náà, á ní ó ti parí. Oníbàárà kò ní béèrè ibi tí fọ́tò yẹn ń lọ. Ṣé inú fóònù ọmọ iṣẹ́ ni yóò máa gbé?

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so síìmù mọ́ NIN, tí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà, sì ti wà ní báńkì láti ọdún 2014, owó wa, ojú wa, ìka ọwọ́ wa àti nọ́ńbà fóònù wa ti wà lórí okùn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá di ìdí kan mú, ó lè fa ìyókù. Páswọ́ọ̀dù ṣeé pààrọ̀ bó bá bọ́ sọ́wọ́ olè. Ta ló fẹ́ pààrọ̀ ìka ọwọ́ rẹ̀?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ayélujára, figbe ta pé ìkànnì kan ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ọgọ́rùn-ún náírà. NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ní kò sẹ́ni tó já wọ ibi ìpamọ́ àwọn, ó sì kìlọ̀ pé irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ ń kó ohun tí aráàlú bá fi ọwọ́ ara wọn fún wọn jọ ni. Èmi ò dá sí ẹjọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ yẹn kan gbogbo wa. NIMC ti gbé áàpù kan jáde tó ń jẹ́ NINAuth, èyí tí ènìyàn fi ń fúnni láṣẹ kí wọ́n tó yẹ NIN rẹ̀ wò. Ẹ lò ó dípò fọ́tò.

Síìmù gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ọ̀pọ̀ wa ti fi ìka ti fóònù, a rò pé ó parí. Ẹni tó já fóònù gbà lójú fèrèsé dánfó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Abẹ́òkúta kò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti ṣí i. Yóò yọ síìmù, yóò fi í sínú fóònù mìíràn, gbogbo kóòdù tí báńkì àti WhatsApp bá sì fi ránṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò já sí. Ohun tó lè dá a dúró kò gbówó rárá: PIN síìmù, nọ́ńbà tí fóònù á béèrè kí síìmù tó ṣiṣẹ́. Inú sẹ́tíńgì fóònù ló wà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ààbò. Èyí tí iléeṣẹ́ fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àṣírí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á ti pa, àfi kó ní PUK, nọ́ńbà mẹ́jọ tó wà lára páálí síìmù. Ilé ni kí páálí yẹn máa gbé, kì í ṣe inú pọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n bá já fóònù yín gbà, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ síìmù. Ìwé ọlọ́pàá wúlò, ṣùgbọ́n owó á ti lọ kí ẹ tó dé àgọ́. Ẹ béèrè kóòdù tí báńkì yín fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù ẹlòmíì, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí kì í ṣe fóònù.

Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Gbájúẹ̀ tó pè yín lè ti mọ orúkọ yín, BVN yín, àti ìlú tí wọ́n ti bí yín. Ìyẹn kò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ báńkì. Bó bá ti béèrè kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín, ẹ já a sílẹ̀. Ẹ má bá a jiyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé, ilé ìwòsàn tàbí ṣọ́ọ̀bù láàárín Agége sí Ìkẹjà, ìka tó bá tọ́ símú la fi ń romú. Kí ló dé tí ẹni tó ń já ẹrù fi mọ páswọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí ìwé owó oṣù wà? Ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù tí ráútà bá bọ̀ láti inú páálí, kí ẹ sì ya Wi-Fi oníbàárà sọ́tọ̀. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni kí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 ní bí ìwé àwọn ènìyàn bá ti ọwọ́ yín jò, tó sì lè kó bá wọn, láàárín wákàtí 72 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà, létí.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ fi PIN sí síìmù yín, kí ẹ sì bá ìyá yín fi sí tiwọn.