Fòníkú, Fọ̀ladìde: Ọ̀gá Mi Ní Mò Ń Díbọ́n

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ ọdún 24 ni mí, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń kọ́ ní Ìrẹsà-Adú, ẹ̀jẹ̀ SS ni mo sì ní. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ìrora tí wọ́n ń pè ní kíráísìsì dé nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú mi ní orúnkún àti ẹ̀yìn, n kò lè fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì. Ní ọjọ́ kẹta, ara yá, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń kú lọ níjẹta nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Kí ni kí n ṣe?

Télọ̀, Ìrẹsà-Adú

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Orúkọ àìsàn yìí fúnra rẹ̀ ti dá ọ̀gá rẹ lóhùn: fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó bá rí "fọ̀ladìde" nìkan á ní irọ́ ni "fòníkú."

Ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa a máa rí róbótó, a sì máa rọ̀. Tìrẹ a máa tẹ̀ bí dòjé, pàápàá bí omi bá dín lára tàbí bí òtútù, ibà tàbí àárẹ̀ bá dé. Á há sínú iṣan tín-ín-rín, egungun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á sì máa ro ọ́. Ẹ̀rọ tó ń mú ohun kékeré tóbi ni wọ́n fi rí dòjé yìí kí Dókítà James Herrick ti Chicago tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1910. Ojú lásán ọ̀gá rẹ kò lè rí i.

Nítorí náà, ọjọ́ ìdìde ni kí o fi múra de ọjọ́ ìdùbúlẹ̀. Gbé ike omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, má dúró de òùngbẹ. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀, wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ kí o tó jáde láàárọ̀. Má fo folic acid àti oògùn ibà tí wọ́n kọ fún ọ. Bi dókítà rẹ bóyá hydroxyurea yẹ ọ́. Ó máa ń dín kíráísìsì kù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Di káàdì ilé ìwòsàn, owó ọkọ̀ àti nọ́ńbà ọlọ́kadà kan pa pọ̀.

Bó bá bẹ̀rẹ̀, sinmi, mu omi, fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ojú ibi tó ń dùn ọ́, kí o sì lo oògùn ìrora bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Abẹ́rẹ́ ìrora tí wọ́n ń gún kiri ní kẹ́mísì lè di bárakú. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná tó 38°C, bí àyà bá ń dùn ọ́, bí èémí kò bá já gaara, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ, tàbí tí ìrora kò gbọ́ oògùn, má dúró kí ilẹ̀ mọ́, lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH àti ti Bowen wà ní Ogbómọ̀ṣọ́.

Ní ti ọ̀gá rẹ, bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ dá, kí ìyá tàbí bàbá rẹ tẹ̀lé ọ. Bẹ̀ wọ́n pé, bí o bá ti kíráísìsì dé, kí wọ́n fún ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ fún ọjọ́ méjì: kí o ṣẹ́ etí aṣọ, kí o gán bọ́tìnì. Bọ́tìnì kò nílò orúnkún.