Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń tú fóònù mi

Ìbéèrè: Ilé ìtajà kan ní Anoumabo, l'Ábíjàn, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá lọ kírun, obìnrin tí a jọ ń tajà á ṣí fóònù mi. Ó ti ya fọ́tò ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ọ̀gá ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin wa. Ẹ yí nọ́ńbà tí ẹ fi ń ṣí fóònù padà lónìí. Kí ẹ sì wo inú WhatsApp yín, níbi tó ń fi àwọn ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn hàn, bóyá obìnrin náà ti so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ sọ, ẹ má bú u.

Mo mọ̀ pé láàárín àwa ọmọ Èjìgbò l'Ábíjàn, àgbà là ń kọ́kọ́ kó ẹjọ́ lọ bá. Ó dáa, àmọ́ àgbà kò lè pa fọ́tò rẹ́ lórí fóònù ẹlòmíràn.

Òfin 2013-451 ti Côte d'Ivoire, ti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 2013, ka wíwọ ẹ̀rọ oníẹ̀rọ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, ẹ fi déètì sí i, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Bó bá tún dákẹ́, ẹ mú ẹ̀dà náà lọ sí inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́.