Ohun Tá A Gbé Kọ́ Sábẹ́ Ọkọ̀

Ọmọ mi, ìwọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Nombakélé ní Libreville níbí, gbọ́ èyí kó o tó ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀.

1. Ohun tó wà lórí ṣáásì, ṣáásì ló gbé e. Èyí tó wà lábẹ́, bóòtù nìkan ló dì í mú. Nítorí náà, má fi bóòtù kan ṣoṣo kọ́ ohunkóhun. Ṣéènì kan ni wọ́n fi so táyà àpòjù rọ̀ sábẹ́ ìdí Hilux. Èmi a máa fi òmíràn há a. Awakọ̀ tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in.

2. Má tìtorí ìyẹn bẹ̀rù ìsàlẹ̀ o. Ẹrù tó wà nísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dojú dé ní kọ́nà. Abẹ́ ẹsẹ̀ èrò ni Nissan tẹ́ bátìrì Leaf, ọkọ̀ oníná wọn, sí nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2010.

3. Omi àti iyọ̀ ni ọ̀tá wa níbí. Etí òkun ni Libreville wà, oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án nìkan sì ni òjò máa ń jẹ́ ká sinmi. Wo tánkì epo: ọ̀já irin ló gbé e, wọ́n sì fi rọ́bà sáàárín kí irin má bàa ha tánkì. Abẹ́ rọ́bà yẹn gan-an ni omi ń sá pamọ́ sí. Lóde, ọ̀dà ṣì ń dán. Ṣí rọ́bà, fi ẹnu sukurudíráfà ha ọ̀já náà, wàá rí ìpáàrà pupa tí á máa ya bọ́ lé ọ láyà. Tó bá ti fẹ́lẹ́ bíi páálí, má kun ọ̀dà sí i, pààrọ̀ rẹ̀.

4. Bó o bá fẹ́ lu ihò sára ṣáásì, àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó o lù ú. Etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ni ẹrù ti ń ni irin lára jù. Ihò ibẹ̀ ló ń di sísán.

5. Má fi wáyà so sáléńsà. Rọ́bà ló lè bá ẹ́ńjìnnì gbọ̀n.

6. Ìgbà tí èrò àti ẹrù bá kún inú ọkọ̀ ni kó o wọn bó ṣe ga sílẹ̀ tó. Irin ààbò tó o bá sì dè sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, lu ihò sí i níbi tí ọ́ìlì máa gbà dànù. Àwọn kan kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wá pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn wọn a sì máa ṣépè.

7. Má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Fi irin ìdúró tì í. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó o bá ti parí iṣẹ́, ní kí oníbàárà gbé ọkọ̀ padà wá, kó o tún fún àwọn nọ́ọ̀tì tuntun tó o dè le. Má gbowó ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.